Hándù Kọ́ Ló Ń Gbọ̀n

"Ọ̀gá, hándù yìí ń gbọ̀n, ó ń pa mí lápá. Ẹ bá mi pààrọ̀ rọ́bà ọwọ́ rẹ̀." Báyìí ni ọ̀dọ́ ọlọ́kadà kan ṣe gbé Bajaj Boxer rẹ̀ dé ìsọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ajégúnlẹ̀. Ọ̀gá kò tilẹ̀ wo rọ́bà. Ó ní, "Lọ gùn ún. Tó bá ti ń sáré, fa kílọ́ọ̀ṣì, kó o dẹ iná rẹ̀, kó máa yí lọ. Ṣé á ṣì máa gbọ̀n?"

Ìbéèrè yẹn wù mí ju gbogbo sípánà tó wà nílẹ̀ lọ. Bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró, ẹ́ńjìnnì ló ni ín. Bó bá ń bá a lọ, táyà, rímù tàbí kọ́nù ọrùn hándù ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Písítìnì kan ṣoṣo ni Boxer ní. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, písítìnì yẹn ń lọ sókè sódò ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí èkejì tí yóò gbè é. Gbígbọ̀n rẹ̀ ń ti inú bọ́ọ̀tì bọ́ sí férémù, ó ń gba férémù dé hándù, títí ìka ọlọ́kadà fi máa kú tipiri. Fóònù pàápàá kì í gbà á: ní oṣù kẹsàn-án 2021, Apple kìlọ̀ pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà lè ba kámẹ́rà iPhone tí wọ́n bá so mọ́ hándù jẹ́.

Nígbà tí tírélà sé Wharf Road pa, kí ètò pípe tírélà wọ èbúté tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ọ̀kadà ló ń gbé òṣìṣẹ́ dé ẹnu iṣẹ́ ní Àpápá, kòtò sì ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi bí hándù bá ń gbọ̀n. Ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Àpápá láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2022. Àmọ́ Ajégúnlẹ̀ kò sí nínú òfin yẹn, iṣẹ́ ọ̀gá kò sì dínkù.

Ọ̀dọ́ náà padà dé: gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Ọ̀gá tú bọ́ọ̀tì tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù, gbogbo wọn, díẹ̀díẹ̀. Ó mi ẹ́ńjìnnì kó lè jókòó sáyè rẹ̀, ó wá ń dè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí ọ̀kan le ṣáájú èkejì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré dè é mọ́lẹ̀ bó ṣe wà, ìyẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Kò dúró síbẹ̀, ó tún yẹ kọ́nù wò. Ó gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ó di fọ́ọ̀kì mú, ó tì í, ó fà á. Kò gbọ́dọ̀ dún kò-kò. Ó wá fi ìka kan ti hándù: ó yẹ kó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀, láìdúró lójú ọ̀nà. Bí kọ́nù bá le jù, ọ̀kadà kò ní fẹ́ tọ ọ̀nà tààrà. Bó bá dẹ̀ jù, á máa já gbì nígbà tí a bá tẹ bíréèkì.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbìyànjú ti ọ̀kadà kejì. Ó fún kọ́nù le. Ọ̀gá fọwọ́ kan hándù lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó tú u, kó tún un dè.