Ẹran Tí Kò Bá Iná Jà

Alápatà ẹlẹ́dẹ̀ tó bá mọ màmá ẹlẹ́ran sísè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí kì í dáwọ́ lé ẹran gígé kí wọ́n tó dé. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn ò ní rà á. Màmá á pa ìka méjì pọ̀, wọn á gbé e ti ẹran tó wà lórí tábìlì: bó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó nìyẹn, teegunteegun. Wọn kì í sì í mú láti àárín ẹ̀yìn, níbi tí ẹran ti mọ́ lóló, tí gbogbo oníbàárà ń nawọ́ sí. Ìhà ọrùn ni wọ́n máa ń lọ, níbi tí eegun ìhà ti ń pàdé èjìká, tí ọ̀rá ti wọnú ẹran, tí iṣan funfun sì là á sí ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin. Ẹni tí kò mọ̀ á ní èyí tí àwọn èèyàn ṣà kù ni wọ́n rà.

Sangisa ni wọ́n ń gbé, ní Kétu tó wà ní Èkó. Ọmọ Àgbádárìgì ni wọ́n, Ègùn ni bàbá wọn, àwọn Ègùn kì í sì í fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣeré, láti Àgbádárìgì títí dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹran sísè ni wọ́n ń tà ní ìrọ̀lẹ́. Àdògán eléèédú ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, òun náà ni wọ́n ṣì fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Àmọ́ ọmọ wọn tó wà ní Ìlú Ọba fi slow cooker kan ránṣẹ́, ìkòkò oníná mànàmáná tó ń rọra se oúnjẹ fún wákàtí pípẹ́, láti ìgbà náà ló sì ti jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹran ọrùn teegunteegun ń wọ̀. Mo ti jẹ ẹran tí àwọn mìíràn sè nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, tó ń fọ́ lẹ́nu bí owú tí wọ́n sá sóòrùn. Ẹ̀rọ náà ń mú ooru rọlẹ̀ ni, kò mọ ẹran. Màmá ló mọ ẹran.

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹran nínú ìkòkò, àwọn méjèèjì kò sì bára wọn rẹ́. Bí ooru inú rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 60°C, ẹran pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, á máa fún omi ara rẹ̀ jáde. Bí ooru bá tún gòkè sí i, tó kọjá 70°C, tó sì dúró síbẹ̀ pẹ́, iṣan funfun tó de ẹran pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á di omi kíki tó ń lẹ̀ mọ́ ètè. Omi àkọ́kọ́ ń jáde kíá. Èyí èkejì ń lo wákàtí. Ẹran àárín ẹ̀yìn kò ní iṣan púpọ̀, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ kì í fi ibẹ̀ ṣe wàhálà bí ó ṣe ń fi èjìká gbé ara rẹ̀. Ẹ sè é fún wákàtí mẹ́jọ, omi rẹ̀ á jáde tán, kò sì sí ohun tó máa yọ́ rọ́pò rẹ̀. Bí ẹran ṣe lè wà nínú ọbẹ̀ láti àárọ̀ kó sì gbẹ nìyẹn.

Ní 2011, iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà sọ fún àwọn ará ilé wọn pé kí wọ́n máa sọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọn kò lọ̀ kalẹ̀ bí àárín rẹ̀ bá ti pé 63°C, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí ó bá tilẹ̀ ṣì pọ́n díẹ̀. Ọgbọ́n tó dára ni fún ẹran àárín ẹ̀yìn. Àmọ́ ta ló máa jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó pọ́n ní Kétu? Ìbẹ̀rù yẹn kò sì jẹ́ ti aláìmọ̀kan: ọmọ aràn máa ń sá pamọ́ sínú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ń jẹ̀ kiri ìgboro, ojú lásán sì lè má rí i. Ẹran tó máa jinná dé eegun ni àwọn èèyàn wa ń fẹ́, wọ́n sì tún fẹ́ kó rọ̀. Lára gbogbo ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀, ìhà ọrùn ló gba kí a ṣe méjèèjì pọ̀ láìsí ìjà. Kò sí ẹni tó ka ìwé kankan fún màmá lórí èyí. Ìka méjì tí wọ́n gbé lé tábìlì alápatà ti yanjú rẹ̀ kí iná tó dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n tún ní ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi alápatà: “Ṣé èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ni?” Akọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ti dàgbà tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá lè ní òórùn kan bí ìtọ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀, ooru ló sì ń gbé e jáde. Kọ́rì kò lè bò ó, táìmù kò lè bò ó. Bí alápatà bá ń dáhùn wúyẹ́wúyẹ́, wọn á ní kó gé ọ̀rá bíńtín fún àwọn, wọn á ṣá ìṣáná sí i níbẹ̀, wọn á gbé imú sún mọ́ ọn. Àwọn tó wà nítòsí á máa rẹ́rìn-ín. Màmá ò dá wọn lóhùn.

Òkè-Àró, ní ààlà Èkó àti Ògùn, ni púpọ̀ nínú ẹlẹ́dẹ̀ tí à ń jẹ ní Èkó ti ń wá. Abúlé àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ ni, ó sì tóbi. Nígbà tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ wọ ibẹ̀ ní 2020, tí ẹran ń kú lọ rẹpẹtẹ, màmá ṣíwọ́ títà fún ìgbà díẹ̀. Àìsàn náà kì í ran èèyàn, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò kàn fẹ́ ra ẹran tí wọn ò mọ bó ṣe kú ni.

Iyọ̀ ń wọlé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: ṣíbí tíì méjì fún kílò kan, pẹ̀lú aáyù gígún àti atalẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn. Iyọ̀ á kọ́kọ́ fa omi ẹran jáde, ẹ ó rí i bó ṣe dúró sísàlẹ̀ abọ́. Tó bá fi máa di òwúrọ̀, ẹran á ti fa púpọ̀ rẹ̀ padà, iyọ̀ á sì ti bá a wọlé. Ẹran tó ti mu iyọ̀ báyìí kì í tètè jọ̀wọ́ omi rẹ̀ fún iná. Mo mọ àwọn tó ń da Maggi mẹ́fà sínú ìkòkò ní wákàtí tó kẹ́yìn tí wọ́n ń retí irú adùn kan náà. Ọbẹ̀ nìkan ló ń gba ìyẹn, ẹran kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ní àárọ̀, wọn á fi aṣọ nu ẹran gbẹ, wọn á tò ó sínú páànù dúdú láìsí òróró, ìhà ọ̀rá ló máa kọ́kọ́ kan iná. Ọ̀rá á yọ́, ẹran á fi í dín ara rẹ̀ títí tí ojú méjèèjì á fi pọ́n dúdú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ alásè ló gbà pé dídín yìí ló ń sé omi mọ́ ẹran nínú. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, wà lára àwọn tó tan èrò yẹn kálẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fetí sí páànù: ariwo ṣàà tí ẹ ń gbọ́ yẹn, omi ẹran tó ń jáde ló ń ké. Nítorí adùn la ṣe ń dín in. Màmá kì í ṣe é ju ìwọ̀nba lọ, wọ́n sì máa ń da omi díẹ̀ sí páànù náà lẹ́yìn rẹ̀, wọn á fi ṣíbí igi ha gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Omi dúdú yẹn ni omi kan ṣoṣo tó ń wọ inú slow cooker.

Ata náà ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ọjà Mile 12 kò lè sọ pé ata wọ́n òun, tàtàṣé, rodo àti tòmátì ń wọlé níbẹ̀ ní ọkọ̀ ọkọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni omi. Lórí iná lásán, omi ata á gbẹ bí ìkòkò ṣe ń hó. Nínú slow cooker, ìdérí ń dá ooru omi padà ni, bí omi ṣe wọlé ló ṣe máa wà. Ẹni tó bá da ata tútù sínú rẹ̀ á bá ẹran nínú omi pupa ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà màmá á se ata náà gbẹ lọ́tọ̀, wọn á fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tó yọ́ nínú páànù dín in títí tí ọ̀rá á fi léfòó, tí òórùn kíkan tòmátì á fi lọ. Àlùbọ́sà bíbẹ́ nípọn á tẹ́ ìdí ìkòkò, ẹran á dùbúlẹ̀ lé e, ata á bò ó. Ó di kí wọ́n dé e.

“Màmá, ṣé kí n ṣí i wò díẹ̀?”

“Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀? Ooru lo fẹ́ tú sílẹ̀ yẹn.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìkòkò náà kò ní agbára púpọ̀. Bí èèyàn bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ó lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó tó padà síbi tó wà. Irving Naxon, ará Chicago, ló ṣe irú rẹ̀ jáde, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1940. Ìtàn tí ìyá rẹ̀ sọ fún un ló bí i: ní ìlú wọn ní Lithuania, àwọn Júù máa ń gbé ìkòkò ẹran àti ẹ̀wà lọ sí ààrò oníbúrẹ́dì ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó máa jinná fúnra rẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí wọn kì í dáná ní ọjọ́ Ìsinmi. Iléeṣẹ́ Rival ra iṣẹ́ rẹ̀ ní 1970, wọ́n sì gbé e jáde lórúkọ Crock-Pot ní ọdún kejì. Ìkòkò tí Sábáàtì àwọn Júù bí ló wá di ìkòkò ẹlẹ́dẹ̀ ní Sangisa. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Iná mànàmáná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká ní ó ń lo 200 watt fún wákàtí mẹ́jọ: yúníìtì kan àti ààbọ̀ lé díẹ̀ nìyẹn, tí kò ju 360 náírà lọ kódà ní 225 náírà tí wọ́n gbé owó yúníìtì Band A dé ní oṣù kẹrin 2024. Kí iná wà fún wákàtí mẹ́jọ gbáko ni ẹjọ́. Ibẹ̀ sì ni mo ti mọyì màmá jù.

Bí iná bá lọ, aago ni màmá kọ́kọ́ máa wò. Bí kò bá tíì pé wákàtí méjì tí ẹran ti wọ ìkòkò náà, wọn kì í dúró wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹran tó wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò tutù, tí kò sì gbóná tó 60°C, ilé àwọn kòkòrò àìsàn ni. Gbogbo rẹ̀ á wọ ìkòkò irin, ó di orí àdògán. Ìkòkò dídán inú ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ kan èédú, á là. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ń sún mọ́ òpin, wọn á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ẹ̀rọ náà láìṣí ìdérí, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáná èédú sílẹ̀ bí ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni.

Lórí èédú, kò sí bọ́tìnnì tí a máa tẹ̀. Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn á jẹ́ kí èédú náà pọ́n tán, kí eérú funfun bò ó, wọn á wá yọ ìdajì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn á gbé ìkòkò ka èyí tó kù, wọn á tẹ etí sílẹ̀. Bí ó bá ń hó kutukutu, wọn á tún yọ méjì. Bí kò bá dún rárá, wọn á fi ọwọ́ gbá eérú kúrò lórí ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ kàn án. Ohun tí wọ́n ń fetí wá ni kí ọbẹ̀ náà máa dún “pọ́” kan, kí ó dákẹ́, kí ó tún dún “pọ́” kan. Wọ́n lè máa ṣa ẹ̀wà, wọ́n lè máa bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ owó ilé, ṣùgbọ́n bí “pọ́” méjì bá tẹ̀ lé ara wọn kíákíá jù, ọwọ́ wọn á ti kan ẹ̀mú kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tó parí. Mo ti jókòó síbẹ̀ tí mo ń gbìyànjú láti gbọ́ ìyàtọ̀ náà ṣáájú wọn. Wọ́n máa ń ṣáájú mi.

Wọn kì í fi fọ́ọ̀kì gún ẹran láti mọ̀ bóyá ó ti jinná. Orí eegun ni wọ́n ń dì mú, wọn á yí i díẹ̀. Bí kò bá mì, ó kù. Bí ó bá yí nínú ẹran tí kò sì jáde, ó tó. Bí eegun bá yọ sọ́wọ́ wọn, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀, èyí kò ní bá àwọn yòókù wọ àwo. Inú ọbẹ̀ ló máa tú sí. Lẹ́yìn náà, wọn á pa iná, ẹran á sinmi nínú omi rẹ̀, wọn á fi ṣíbí kó ọ̀rá tó léfòó sínú ìgò fún ata mìíràn.

Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ládùúgbò. Ìkòkò ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ yàtọ̀, kàn-ìn-kàn-ìn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ pàápàá yàtọ̀, ẹni tí wọn kò bá sì mọ̀ rí, wọn á kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú àwo fún un kó tó mú owó jáde. Ẹ̀kọ tútù tàbí gàrí tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ náà tẹ̀ ló máa ń bá a lọ, bí àwọn ará Àjàṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Ẹran teegunteegun ló máa ń kọ́kọ́ tán. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ tí ẹran tú sí ló máa bá, owó rẹ̀ kò sì tó ti tẹ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an la dìídì ń pẹ́ dé fún.