Dá A Dúró Kí O Tó Wò Ó

Ọ̀gá pátápátá ni ẹni tó fi CVS_SERVER_SLEEP sínú fáìlì server.c ti CVS, ètò ìtọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ tí Dick Grune kọ́kọ́ gbé jáde ní 1986, tí Brian Berliner sì fi èdè C tún kọ ní 1989. Ohun tí ìlà díẹ̀ yẹn ń sọ kò ju pé kí sáfà sùn fún iye ìṣẹ́jú-àáyá tí a bá kọ sínú environment variable tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọgbọ́n tí à ń dá láti wá àṣìṣe ní ìhà sáfà, èyí ni mo kà sí àgbà.

Ibi tí wọ́n fi oorun náà sí ló wú mi lórí jù. Sáfà CVS kì í dá ṣiṣẹ́. Process kan ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ìyẹn ni ìyá. Bí àṣẹ bíi update tàbí commit bá dé, ìyá á fi fork bí ọmọ. Ọmọ ló ń ṣí àwọn fáìlì ,v tí ìtàn iṣẹ́ wà nínú wọn, òun náà ló ń fi lock sí ibi ìpamọ́. Iṣẹ́ tán, ọmọ kú, nígbà míì kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ẹni tó bá so gdb, irinṣẹ́ ìwá-àṣìṣe, mọ́ ìyá, ẹni tó ń jíṣẹ́ ló ń wò, kò rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn fork ni oorun wà, nínú ọmọ gan-an, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 tó láti fi ps wá nọ́ńbà rẹ̀, ká so gdb mọ́ ọn, ká sì fi break síbi tí a fura sí. Bó bá jẹ́ ssh ni oníbàárà ń gbà dé sáfà, ssh kì í sábà gbé irú environment variable bẹ́ẹ̀ kọjá, nítorí náà, à ń kọ script kékeré sórí kọ̀ǹpútà sáfà tó máa ṣètò oorun náà kó tó ké sí cvs, a ó wá fi CVS_SERVER ní ìhà oníbàárà tọ́ka sí i.

Wọ́n á ní, ṣé kí á kúkú fi printf tú gbogbo rẹ̀ síta? Ọ̀nà àbùjá tó ń bí mi nínú nìyẹn. Stdout ìyá ni ọ̀nà tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Bí ìlà àjèjì kan péré bá gbabẹ̀, oníbàárà á ní ìdáhùn yìí ò yé òun, àṣìṣe tuntun á sì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti CVS_CLIENT_LOG: ó ń kọ gbogbo ohun tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sínú fáìlì .in, a sì lè da fáìlì náà padà sínú cvs server láìsí oníbàárà rárá. Mo gbà, ó wúlò gan-an bó bá jẹ́ inú ọ̀rọ̀ tí oníbàárà àti sáfà jọ sọ ni àṣìṣe wà. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá ń du ibi ìpamọ́ kan, àkọsílẹ̀ ẹnì kan kò lè gbé ìkejì wá. Ọmọ tó ṣì wà láàyè nìkan ni backtrace rẹ̀ lè fi hàn pé inú lock_wait, níbi tó ti ń dúró de lock, ló há sí. Ẹni tó ń kánjú á kàn pa #cvs.lock rẹ́, á ní iṣẹ́ ti parí, nígbà tí ẹni tó ni lock náà lè máa kọ̀wé sínú fáìlì lọ́wọ́.