Ọ̀fẹ́ kì í ṣe libre: lámèyítọ́ lórí èdè àṣẹ àwòrán àti ìjápọ̀ ìṣòwò nínú Wikipedia Yorùbá

1. Ìfáàrà

Wikipedia Yorùbá ń pe ara rẹ̀ ní «ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́». Ti Gẹ̀ẹ́sì ń pe ara rẹ̀ ní The Free Encyclopedia, ti Faransé ní l'encyclopédie libre, ti Jámánì ní Die freie Enzyklopädie. Ẹni tí ó bá gbọ́ Faransé yóò rí i pé gbólóhùn Faransé kò sọ̀rọ̀ owó rárá: libre ni wọ́n kọ, wọn kò kọ gratuit. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì, ìyẹn free. Ẹni tí ó túmọ̀ gbólóhùn náà sí Yorùbá mú apá kan nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ó sì fi apá kejì sílẹ̀. Apá tí ó fi sílẹ̀ gan-an ni ìwé àṣẹ Wikipedia dúró lé.

Láti Ìta-Jẹ̀bú, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ita-Djèbou, ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní àgbègbè wa, láàárín Sakété àti Pobè, ọmọ ilé ìwé ń ka Faransé ní kíláàsì, ó ń sọ Nàgó nílé, ààlà Nàìjíríà kò sì jìnnà sí i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ libre yàtọ̀ sí gratuit kí ó tó ṣí Wikipedia. Bí ó bá wá dé ojú ewé Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni yóò bá níbẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò sì parẹ́ mọ́ ọn lójú.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ kan yìí ń da nǹkan méjì rú: irú àwòrán tí a lè gbé sórí ìwé ìmọ̀ náà, àti ìdí tí a fi ń yọ ìjápọ̀ àwọn oníṣòwò kúrò nínú rẹ̀. Ó kan àwa onímọ̀ èdè ní tààrà, nítorí pé àwa ni a ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìgbèríko pẹ̀lú kámẹ́rà àti ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́.

2. Ohun tí ọ̀fẹ́ ń sọ

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́ ni pé òbí kò ní san owó ilé ìwé mọ́. Oore-ọ̀fẹ́ inú Bíbélì Yorùbá, ohun tí a rí gbà láìsan nǹkan kan ni. Ẹni tí ó wọ mọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ kò sanwó ọkọ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀fẹ́ ń sọ ohun tí ẹni tí ó gbà á kò fi sílẹ̀. Kò sọ ohun tí ó lè fi nǹkan náà ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti gbà á tán.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí ó lágbára jù wọ́n lọ. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ máa ń pín àwọ̀n ẹ̀fọn fún ìdílé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwọ̀n náà lọ sí ọjà láti tà, gbogbo àdúgbò ni yóò bá a wí, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sì sọ kò ju kan lọ: «Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún ọ, kí ló dé tí o fi ń tà á?» Ní etí Yorùbá, ohun ọ̀fẹ́ kò yẹ ní títà. Èyí kò sí nínú ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó máa ń tẹ̀ lé e débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ ní láti wí i síta.

Bẹ́ẹ̀ títà gan-an ni òṣùwọ̀n tí Wikimedia fi ń dá àwòrán libre mọ̀.

3. Ohun tí ìwé àṣẹ ń sọ

Wikimedia Commons, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, ni àká tí gbogbo Wikipedia ti ń fa àwòrán yọ. Àwòrán tí ó bá ní ìwé àṣẹ tí kò gba ìṣòwò láyè, Commons kò ní gbà á. Àwòrán tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kò gba àtúnṣe láyè, kò ní gbà á pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ inú Wikipedia fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons BY-SA láti 2009; ẹ̀dà 4.0 rẹ̀ ni ó ń lò láti 2023. Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá tí kò lọ́, ohun tí ìwé àṣẹ náà wí nìyí: lò ó, tún un ṣe, pín in, tà á, ṣùgbọ́n dárúkọ oníṣẹ́, bí o bá sì tún un ṣe, fi iṣẹ́ tuntun náà sílẹ̀ lábẹ́ irú àṣẹ kan náà.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ya fọ́tò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Sakété, ó sì gbé e sórí Commons nítorí ó gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rí fọ́tò rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà tí iléeṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ kan ń tà, orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bí ìwé àṣẹ ṣe fẹ́. Yóò ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Iléeṣẹ́ náà kò rú òfin kankan, ìwé àṣẹ gbà á láyè. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́ ni kò sọ òtítọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán níbẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ àjogúnbá tí UNESCO kéde ní 2001, tí ó sì fi sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2008, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Àmọ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan pàtó, ọwọ́ agbẹ́gilére kan ni ó gbẹ́ ẹ. Nínú òfin Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn Loi n° 2005-30 ti ọdún 2006, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Onífọ́tò ní ẹ̀tọ́ lórí fọ́tò. Agbẹ́gilére tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ ní tiwọn lórí igi tí fọ́tò náà ń fi hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè yọ̀ǹda ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ lọ bẹ agbẹ́gilére wò, tí ó sọ fún un pé «ọ̀fẹ́ ni a fẹ́ fi í sí», tí bàbá náà sì dáhùn pé kò burú, kí ni bàbá gbà? Ó gbà kí wọ́n máa wò ó láìsanwó. Kò sí ẹni tí ó bi í bóyá wọ́n lè tà á.

4. Ère tí ó wà ní gbangba

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀ ní Kútọnu. Ère Amásónì, tí gíga rẹ̀ tó mítà 30, ni wọ́n ṣí ní ọjọ́ 30 oṣù keje 2022. Ará Ṣáínà ni Li Xiangqun tí ó ya ère náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kọjá níbẹ̀ lè ya fọ́tò rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Yorùbá, ọ̀fẹ́ pátápátá nìyẹn. Síbẹ̀ òfin Bẹ̀nẹ̀ fi ààlà sí i: àyè tí ó fún wa láti ṣe àwòrán iṣẹ́ ọnà tí ó dúró ní gbangba dópin bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ kókó àwòrán tí a sì fẹ́ fi àwòrán ṣòwò. Commons sì ní kí àwòrán ṣeé tà. Àwọn méjèèjì kò lè pàdé.

Nítorí náà, fọ́tò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé kò ṣeé tà, ìwé àṣẹ ní ó ṣeé tà. Fọ́tò ère tí ó rò pé kò ní wàhálà, òfin ní kò ṣeé tà. Ọ̀fẹ́ kò ràn án lọ́wọ́ nínú ọ̀kankan.

Ààlà wa tún fi tirẹ̀ kún un. Bẹ̀nẹ̀ wà nínú OAPI, tí Àdéhùn Bangui ti 1977 gbé kalẹ̀. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Copyright Act 2022 ni òfin tirẹ̀. Èdè kan ni a ń sọ ní Pobè àti ní ìkọjá ààlà, òfin méjì ni a wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn gbọ́dọ̀ ṣeé lò lábẹ́ méjèèjì.

5. Ìjápọ̀ ìṣòwò

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ọ̀fẹ́ gbọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè: «Ẹ ní kí n má ta ọjà mi lórí ojú ewé yín, ẹ sì ní kí n gbà kí wọ́n ta fọ́tò mi. Èwo ni ká mú?» Ó dà bí ìtakora, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn.

Ní ti ìjápọ̀, ìwé ìmọ̀ náà ti jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Láti oṣù kìíní 2007, ìjápọ̀ tí ó bá jáde kúrò nínú rẹ̀ ń gbé àmì nofollow, tí ó ń sọ fún Google pé kí ó má torí ìjápọ̀ náà gbé ojú ewé oníṣòwò sókè. Ní oṣù kẹfà 2014, Wikimedia fi kún òfin ìlò rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá sanwó fún láti kọ̀wé síbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta. Ní oṣù kẹjọ 2015, Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì ti àkáǹtì 381 pa nínú ọ̀ràn tí wọ́n pè ní Orangemoody: wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ àwọn oníléeṣẹ́ láti gbé àpilẹ̀kọ nípa wọn jáde, wọ́n sì tún ń gba owó mìíràn láti «dáàbò bo» àpilẹ̀kọ náà. Bí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì tí olùṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ bá rí irú èyí, Wikipedia kékeré bíi tiwa kò lè fọwọ́ lẹ́rán.

Ọ̀fẹ́ ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé àyè ọ̀fẹ́ wà, bí ògiri ọjà ni yóò ṣe lò ó: yóò lẹ ìwé ìpolówó rẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá yọ ọ́, yóò ní wọ́n parọ́ fún òun.

Libre ni ó tú ìtakora náà. Ohun tí libre ń béèrè ni pé kí a má ṣe de iṣẹ́ mọ́ ọwọ́ ẹnì kan, títí kan ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ìwé àṣẹ tí ó ní «ẹ má tà á» ń de fọ́tò. Ìjápọ̀ ìṣòwò ń de òǹkàwé: ó wá ìmọ̀ wá, wọ́n sì fà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan. Òfin kan náà ni ó kọ méjèèjì. Ìṣòwò fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi.

Àwòrán àwọn onífọ́tò wa fi èyí hàn kedere. Púpọ̀ nínú wọn máa ń tẹ orúkọ stúdíò àti nọ́ńbà tẹlifóònù sí igun fọ́tò. Ní ọ̀nà kan, ohun tí ìwé àṣẹ ń béèrè ni wọ́n ṣe, nítorí ó ní kí a dárúkọ oníṣẹ́. Ní ọ̀nà kejì, ìpolówó ni nọ́ńbà náà. Commons ní kí orúkọ wà ní ojú ewé tí ó ṣàpèjúwe fáìlì, kí ojú àwòrán mọ́. Onífọ́tò tí wọ́n bá ṣàlàyé èyí fún yóò rí i pé wọn kò gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sọ fún pé «ọ̀fẹ́ ni» yóò rò pé orúkọ òun ni owó tí wọ́n ní kí òun san.

6. Àbá

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ máa ń gbòòrò, pé ọ̀fẹ́ yóò gba ìtumọ̀ tuntun bó pẹ́ bó yá. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ń gbòòrò. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ àtijọ́ ọ̀fẹ́ kò sùn: lójoojúmọ́ ni a ń lò ó ní ilé ìwòsàn, ní ilé ìwé àti ní ilé ìjọsìn, ó sì ń lòdì sí ìtumọ̀ tuntun tí a fẹ́ kó bá a gbé.

Òmìnira ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ènìyàn àti orílẹ̀-èdè ni a máa ń sọ pé ó ní òmìnira. Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ni à ń wí, «fọ́tò olómìnira» sì ń dún bí fọ́tò ayẹyẹ 1960. «Ìwé ìmọ̀ tí a kò dè» sún mọ́ libre jù ú lọ, nítorí dídè ni ohun tí ìwé àṣẹ ń kọ̀. Bákan náà, mo fara mọ́ «ẹ̀tọ́ oníṣẹ́» ju «ẹ̀tọ́ àwòkọ» lọ. Èkejì tẹ̀ lé copyright, ó ń sọ̀rọ̀ wíwò àti kíkọ, bí ẹni pé ìwé nìkan ni. Èkíní tẹ̀ lé droit d'auteur, ó sì fi agbẹ́gilére sí ààrin ọ̀rọ̀.

Àbá mi tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí a má gbé gbogbo ẹrù lé orí ọ̀rọ̀ orúkọ kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń là á mọ́lẹ̀. Kí ìwé ìyọ̀ǹda tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kà fún àwọn àgbà ní ìgbèríko kà báyìí: «Bàbá, bí ẹ bá gbà, ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé lè lo àwòrán yìí, ó lè tún un ṣe, ó lè pín in, ó sì lè tà á láìfún yín ní owó. Wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ yín. Ẹ kò lè gba ọ̀rọ̀ náà padà. Ṣé ẹ gbà?» Kí a tẹ̀ ẹ́ ní àkọtọ́ méjèèjì, ti Nàìjíríà tí ó ní àmì lábẹ́ ẹ àti ọ, àti ti Bẹ̀nẹ̀ tí ó ń lo ɛ àti ɔ, kí ẹni tí ó kàwé ní Sakété lè kà á fúnra rẹ̀.

7. Ìkádìí

Díẹ̀ nínú àwọn àgbà yóò dáhùn pé rárá, wọn kò gbà. Àká àwòrán wa yóò kéré sí i, àwọn àpilẹ̀kọ kan nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò sì wà láìní àwòrán. Mo rí i pé ó sàn bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tí wọ́n sọ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò yé wọn kò lè dúró bí ìyọ̀ǹda, àwòrán tí ó sì ti inú rẹ̀ wá wà ní dídè, bí ìwé ìmọ̀ tilẹ̀ ń pè é ní ọ̀fẹ́.