Àlùfàǹṣá, Òfin àti Ẹrù Aláré

Ẹni tí ó bá ti dúró wo eégún apidán ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé àlùfàǹṣá kì í ṣe àlejò nínú eré náà. Eégún a máa sín aṣẹ́wó jẹ, a máa fi ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà kì í tìtorí rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gba eré náà sínú àwo, tí ó ń tà á ní Akẹ̀sán tàbí ní Ọjà Jagun, òfin lè yọjú sí i.

Òfin ọdún 1961 lórí ìtẹ̀jáde àlùfàǹṣá, tí a fi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1959 ṣe àwòkọ, béèrè bóyá ohun náà, bí a bá wò ó lápapọ̀, lè ba ìwà ẹni tí yóò rí i tàbí tí yóò gbọ́ ọ jẹ́. ‘Lápapọ̀’ yìí dára. Lámèyítọ́ kan kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin náà tilẹ̀ fún iṣẹ́ ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọnà ní àǹfààní láti rí ìdáláre.

Ọ̀ràn ẹrù ni ó burú. Ọlọ́pàá lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ Májísíréètì kí ó sì kó ọjà náà lọ, kí ẹnikẹ́ni tó wò ó lápapọ̀. Àwọn kan ń fi abala 44 Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 tu ara wọn nínú pé ó dáàbò bo ohun ìní. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Abala náà fúnra rẹ̀ yọ ohun tí a gbà nítorí rírú òfin sílẹ̀, ìbáà má tíì sí ìdálẹ́bi ọ̀daràn. Òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ tí abala 39 fún wa sì ń tẹrí ba fún abala 45, nítorí ìwà rere láwùjọ. Abala 36, ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ tẹnu ẹni, ni ó kù tí mo lè gbójú lé.

Ní ọdún 1961 kan náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Marcus. Ní Kansas City, ọlọ́pàá ti kó ẹ̀dà bí 11,000, oríṣìí 280. Nígbà tí adájọ́ yẹ̀ wọ́n wò, 100 péré ni ó kà sí àlùfàǹṣá. Oríṣìí 180 yòókù ti wà ní àhámọ́ fún ohun tí ó lé ní oṣù méjì. Ilé ẹjọ́ náà fagi lé e, nítorí pé ọlọ́pàá ni a fi sílẹ̀ láti máa ṣa ohun tí ó bá wù ú kó.

Ìdájọ́ yẹn kò de àwọn adájọ́ wa. Bí àwo eré eégún bá dé iwájú wọn, ẹlẹ́rìí tí yóò sọ pé ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí ìsọkúsọ ni a óò nílò. Olùkọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí ó jẹ́ ẹni náà, àwa tí a sì máa ń yọ irú orin bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé tí a ń tẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé.