“For” lẹ́nu ògbufọ̀: fún, nítorí, tàbí dípò?

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ará ìlú jọ ń jọ́sìn, oníwàásù a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ a sì máa sọ ọ́ di Yorùbá lójú ẹsẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yìí, nítorí kò rọrùn. Ṣùgbọ́n bí oníwàásù bá ti pe “for”, “fún” ni ògbufọ̀ ń dá padà, ibi yòówù kí ó ti jáde.

Ìbátan “before” ni “for”. “Níwájú” ni ìtumọ̀ rẹ̀ ìṣáájú nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbòòrò, tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì King James ti 1611 fi lè fi òun nìkan gbé ọ̀rọ̀ Gíríìkì mẹ́rin lórí ikú Olúwa: anti ní Máàkù 10:45, hyper ní Róòmù 5:8, dia ní Róòmù 4:25, peri ní 1 Jòhánù 2:2. Anti ni ó le jù nínú wọn: ohun kan ní ipò òmíràn, pàṣípààrọ̀ gan-an.

“Fún” tiwa kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni, fífún ènìyàn ní nǹkan, nítorí náà ojú ẹni tí ó gbà á ni ó máa ń wò. Etí Ifẹ̀ mọ èyí. Nínú ìtàn Mọrèmi, Ẹsìnmìrìn ni a fi Olúorogbo rúbọ fún. Nítorí Ifẹ̀ ni a ṣe rú u. Ǹjẹ́ kí ni ìyá àgbà tí ó jókòó lẹ́yìn yóò gbọ́ bí a bá ní Jésù fi ara rẹ̀ rúbọ fún wa? Ó lè gbọ́ pé àwa ni a gba ẹbọ. Éfésù 5:2 kò fi ìyẹn sílẹ̀ ní àríyànjiyàn: nítorí wa ni, Ọlọ́run ni a rú u sí.

A mọ̀ pé Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa láti 1884, lo “fún” ní Róòmù 5:8, a kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ní 1 Kọ́ríńtì 15:3, níbi tí ọ̀ràn ti kan ẹ̀ṣẹ̀, “nítorí” ni ó lò. “Ó kú fún ẹ̀ṣẹ̀ wa” tí a ń gbọ́ lórí pẹpẹ kò dára rárá, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni a ta lọ́rẹ.

Ẹ wo ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn lọ́jà. Kì í wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé “san án fún mi”, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni owó yóò bọ́ sí lọ́wọ́. “Bá mi san án” ni yóò wí. Ọ̀rọ̀ ìgbàlà wà nínú “bá” yìí, oníwàásù sì lè lò ó fún gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ wa. Kí ògbufọ̀ má kàn gbé e dé ibi ikú. “Ó bá wa kú” ti di pé a jọ kú ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti sún mọ́ Róòmù 6:8. Ní Máàkù 10:45, “dípò” ni a ń retí lẹ́nu rẹ̀.