Ẹgbẹ́ Onímọ̀ àti Ọ̀dọ́ Olùwádìí Iṣẹ́ Fágúnwà: Àyẹ̀wò láti Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ìfáárà

Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé ìtàn àròsọ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, àgbàlagbà kan tọ akọ̀wé wá, ó sì ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó kọ ìtàn ìrìn-àjò òun sílẹ̀. Àgbà náà ni Àkàrà-Oògùn. Bí ìtàn ti ń lọ láti ọjọ́ kan dé èkejì ni èrò ń pọ̀ sí i tí wọ́n ń wá gbọ́ ọ. Ohun mẹ́ta ni ó gbé ìtàn náà ró: àgbà tí ó ní ìmọ̀, èrò tí ó tẹ́tí sílẹ̀, àti akọ̀wé tí ohun èlò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ti pèsè àgbà àti olùgbọ́ fún ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe ìwádìí lórí Fágúnwà, ṣùgbọ́n ohun èlò tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ kò tíì tó.

Ohun tí Àwọn Ẹgbẹ́ Ti Ṣe

Kò yẹ kí a fojú kéré iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá gbé ìwé àtìgbàdégbà Olókun jáde nígbà tí ojú ìwé tí ó gba àròkọ Yorùbá kò pọ̀. Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Èdè Yorùbá ń pe àpérò, ó sì ní jọ́nà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè kó àwọn olùkọ́ jọ, àwọn tí Fágúnwà ń gba ọwọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àjùmọ̀ṣe àwọn onímọ̀ ni ó sì bí Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń kọ nípa ẹ̀dá ìtàn tàbí ibùdó ìtàn lónìí kò ní láti máa dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà ti la ọ̀nà náà.

Èyí tí ó sún mọ́ Fágúnwà jù lọ ni ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Fágúnwà Study Group. Ní oṣù kẹjọ 2013, nígbà tí ó di àádọ́ta ọdún tí òǹkọ̀wé náà kú ní 1963, àpérò ńlá wáyé ní Àkúrẹ́. Ìwé Celebrating D. O. Fágúnwà, tí Adélékè Adéẹ̀kọ́ àti Akin Adéṣọ̀kàn ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 2017. Irú àpérò bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ọ̀dọ́ bá ẹni tí ó ti ń ka orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ẹ̀kọ́ ni èyí, iyì sì ni pẹ̀lú.

Ohun tí Ó Kù

Ṣùgbọ́n àpérò a máa tú ká, olùwádìí a sì padà sílé láti lọ kojú ìwé fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Àkọtọ́ tí a fi tẹ ìwé Fágúnwà ní 1938 kọ́ ni ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Ohun tí ó jẹ́ “aiye” àti “enia” nígbà náà ti di “ayé” àti “ènìyàn”. Bí a ti ń pín ọ̀rọ̀ yí padà, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ìtẹ̀jáde àtijọ́ fi àmì ohùn sí. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí fún òǹkọ̀wé tí agbára rẹ̀ wà nínú àwítúnwí, nínú gbólóhùn gígùn tí ó ń já lu ara wọn, àti nínú fífi ọ̀rọ̀ dárà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òmù-Àrán tàbí ní Òró bá fẹ́ ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹyọ, tàbí kí ó ṣàlàyé ibi tí ohùn ti gbé ìtumọ̀ yọ, ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí Fágúnwà kọ yàtọ̀ sí èyí tí olóòtú tún kọ. Kò sí àpérò tí ó lè dáhùn ìbéèrè yìí fún un. Ìtẹ̀jáde tí a fi ẹ̀dà wé ẹ̀dà láti ṣe nìkan ni ó lè dáhùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ The Novels of D. O. Fagunwa tí Bámgbóṣé gbé jáde ní 1974, ìwé tí kò sí olùwádìí tí ó lè fò ó dá. Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé 2017. Bí ẹgbẹ́ bá ti fi èdè àjèjì ṣe òṣùwọ̀n iyì, ọ̀dọ́ tí ó lè kọ lámèétọ́ tí ó jinlẹ̀ ní Yorùbá yóò rò pé iṣẹ́ kejì ni òun ń ṣe.

Àpẹẹrẹ Èsìẹ́

Àpẹẹrẹ ohun tí ó yẹ kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ní Èsìẹ́, ère òkúta tí iye wọn lé ní 800 wà. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ ni ó kọ́kọ́ rí wọn, àwọn ará ìlú sì ti ń bọ̀wọ̀ fún wọn kí H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., tó mú ìròyìn wọn jáde ní 1933. Ní 1945, a kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1978, ìwé Phillips Stevens tí ó ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ère náà jáde ní Ìbàdàn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Àkọsílẹ̀ yẹn kò parí àríyànjiyàn náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fún ẹni tí yóò bá a lọ ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀.

Irú ilé àti irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ Fágúnwà ń fẹ́: ìtẹ̀jáde tí ó fi ìyàtọ̀ ẹ̀dà hàn, atọ́ka ọ̀rọ̀, àti àkójọ orúkọ gbogbo ohun tí a ti kọ lórí rẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ni èyí, kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún ẹ̀kọ́ ni ẹ̀ka fi ń ka iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lọ bí oyè bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ni ó lè so Ìlọrin pọ̀ mọ́ Ifẹ̀ àti Èkó, tí ó sì lè dúró ti iṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́wàá.

Ìkádìí

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ni Fágúnwà fi sílẹ̀, láti Ògbójú Ọdẹ títí dé Àdììtú Olódùmarè ti 1961. Bí ẹgbẹ́ bá yọ díẹ̀ nínú owó àpérò, tí ó fi ìwé kan lé ọ̀dọ́ méjì lọ́wọ́ lábẹ́ àgbà kan, ọ̀dọ́ mẹ́wàá péré ni yóò parí márààrún. Àwọn mẹ́wàá náà yóò kọ́ṣẹ́ níbi tí a ti ń fi iṣẹ́ kọ́ni, ẹni tí ó bá sì tẹ̀ lé wọn yóò rí ìwé tí ó dájú kà.