Ìdí Tí Ó Fi Dára: Ìṣelámèyítọ́ Iṣẹ́ Ọnà àti Eré Ìdárayá Lẹ́nu Ọmọdé

1.0 Ìfáárà

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ léèrè bí aṣọ kan ti rí, ìdáhùn tí a sábà ń gbọ́ kò ju 'ó dára' tàbí 'kò dára' lọ. Bí ó bá jẹ́ eré bọ́ọ̀lù ni a bi í, iye góòlù ni yóò kà fún wa. Èrò wa nínú bébà yìí ni pé òye kọ́ ni ọmọ náà kò ní; ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé òye náà kalẹ̀ ni a kò kọ́ ọ. A ó fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ náà wà nínú èdè Yorùbá, àti pé agbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìsọlọ̀, ní Èkó, yẹ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

2.0 Ọwọ́ ọmọ àti ẹnu ọmọ

Ní 1927 ni Kenneth Murray ti Gẹ̀ẹ́sì dé láti wá kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, lẹ́yìn tí Àìná Ọnábólú (1882–1963), tí ó ti ń kọ́ni ní àwòrán yíyà ní Èkó, ti rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ sí i. Ọnábólú fẹ́ kí ọmọ lè ya ohun tí ojú rí gan-an. Murray fẹ́ kí ó di iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ mú. Lójú tiwa, ohun tí ọwọ́ ọmọ yóò ṣe ni àwọn méjèèjì tẹnu mọ́ jù.

Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 fi àyè sílẹ̀ fún àṣà àti iṣẹ́ ọnà, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n nínú àtúnṣe 2012, eré ìdárayá bọ́ sábẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọnà sì dá dúró. Irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ rí i pé ojú kan náà ni a fi ń wo méjèèjì.

3.0 Àwọn òṣùwọ̀n

Nínú àpilẹ̀kọ tí Robert Farris Thompson gbé jáde ní 1973, ó ṣe àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń díwọ̀n ère gbígbẹ́. Lára wọn ni jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún, ọ̀dọ́ àti tútù. Ère ni Thompson ń wò. Ìbéèrè tiwa ni pé, ǹjẹ́ a lè mú wọn kọjá ibẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ. Ìgbà kan wà tí ilé-iṣẹ́ Afprint ń tẹ àǹkárá ní Ìsọlọ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ aláṣọ mìíràn ni ọjà Aswani ń jẹ́ títí di òní. Bí olùkọ́ bá gba àjákù àǹkárá méjì lọ́wọ́ aránṣọ, ọmọ lè wò ó bóyá ọnà ara aṣọ ń hàn kedere láti òkèèrè: ìfarahàn nìyẹn. Ó lè wò ó bóyá àwọ̀ dúró sínú ìlà rẹ̀ tàbí ó ṣàn kọjá: gígún nìyẹn. Nígbà náà, 'ó dára' ti di ọ̀rọ̀ tí ó ní ẹ̀rí.

Ní ti eré, ìdí ọpọ́n ayò ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Ọ̀ta ń ta, ọ̀pẹ ń ta, àwọn òǹwòran sì ń sọ ibi tí ọwọ́ ti yẹ̀. Lámèyítọ́ ni wọ́n. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta, 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní góòlù mẹ́ta sí òdo, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí sì gbá méjì nínú rẹ̀ wọlé. Iye góòlù kò sọ bí ó ti ṣe é. Ernest Okonkwo, tí ó máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ni ó sọ Ọdẹ́gbàmí ní onímọ̀ ìṣirò. Orúkọ yẹn nìkan ti jẹ́ àtúpalẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń pè ní tútù wà nínú rẹ̀: ìfarabalẹ̀ ẹni tí ó wà lójú eré tí ara rẹ̀ kò gbóná sódì. Ṣùgbọ́n jíjọra kò bá bọ́ọ̀lù mu. A kò gbọ́dọ̀ fi agídí gbé gbogbo òṣùwọ̀n ère wọnú eré.

4.0 Àtakò méjì

Àwọn kan lè sọ pé ọmọdé kò tíì tó ìdájọ́ ṣe. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àtakò kejì ni ó lágbára jù: ọmọ onírúurú èdè ni iṣẹ́ kó òbí wọn wá sí Ìsọlọ̀. Ìdáhùn wa ni pé kí ọmọ Ìgbò tàbí ti Ẹdó mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gígún. Ìfiwéra bẹ́ẹ̀ gan-an jẹ́ lámèyítọ́.

Ètò tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé èdè abínibí lè gbé ẹ̀kọ́ ró fún ọdún mẹ́fà. Òfin Èkó ti 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè abínibí fún ìkọ́ni ní 2022. Ní 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ wá lógún. Bí gígún àti tútù kò bá sí lẹ́nu olùkọ́ mọ́, inú ìwé àwọn onímọ̀ nìkan ni a ó ti máa bá wọn pàdé.

5.0 Ìkádìí

Àbá wa kò pọ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rí; kí ó fi wé òmíràn; lẹ́yìn náà ni kí ó dájọ́, kí ó sì sọ ìdí. Nígbà ìdánwò, kí a fún ìdí náà ní máàkì, kódà bí ìdájọ́ ọmọ bá yàtọ̀ sí ti olùkọ́.